Ta ni ó dẹ pàkúté náà?

Ní ọdún 1960, ọdún tí Dahomey gba òmìnira, ni Olympe Bhêly-Quenum, ọmọ bíbí Ouidah, tẹ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ jáde ní Paris. Un piège sans fin ni àkọlé rẹ̀, ìyẹn ni pàkúté tí kò lópin. Ìbéèrè inú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa ní Kpankou: bí ẹ̀dá bá ṣe ibi, ṣé orí rẹ̀ ni ó ṣe é, tàbí òun fúnra rẹ̀?

Ahouna, àgbẹ̀ àti darandaran, ni ìtàn náà dá lé. Ìjọba amúnisìn fipá mú Bakari bàbá rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́; wọ́n nà án ní pàṣán, ìtìjú náà sì mú kí ó pa ara rẹ̀. Nígbà tí ó yá, Anatou, aya Ahouna, fi ẹ̀sùn àgbèrè tí kò ṣe kàn án. Ó fi ilé sílẹ̀, ó ń rìn kiri, ó sì pa obìnrin kan tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Ó ti wà lẹ́wọ̀n kí àwọn ẹbí obìnrin náà tó jí i gbé, tí wọ́n sì dáná sun ún láàyè.

Ọ̀pọ̀ ti fi ìwé yìí wé L'Étranger tí Camus kọ ní ọdún 1942. Ní ọdún 1945, Sartre sọ fún àwọn ará Paris pé ìṣe ẹ̀dá ni ó ń sọ ọ́ di ohun tí ó jẹ́, kò sì sí àwáwí. A lè bi í pé: orí ńkọ́? Ṣùgbọ́n àkúnlẹ̀yàn ni àwọn àgbà pe ìpín wa. Yíyàn wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Lóòótọ́, Sartre kò gbà pé a yan ohunkóhun kí a tó wáyé. Síbẹ̀, àwọn àgbà náà sọ pé orí rere kò tó, àfi kí ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ sí i.

Pàkúté kì í dẹ ara rẹ̀. Ahouna kò yan pàṣán tí wọ́n fi na bàbá rẹ̀, kò yan irọ́ aya rẹ̀; àwọn mìíràn ni ó yàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ ni ó pa obìnrin náà. Àwọn tí ó sun ún náà yàn. Bí a bá pe gbogbo rẹ̀ ní kádàrá, gbogbo wọn ti bọ́, ikú obìnrin náà kò sì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Báyìí ni a ń ṣe nílé. Ẹni tí ó di bẹntiró kpayo lé alùpùpù kọjá agbára rẹ̀, tí iná sì jó ọmọ ọlọ́mọ, yóò ní àmúwá Ọlọ́run ni. Bàbá tí ó yọ ọmọbìnrin rẹ̀ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ yóò ní bí orí rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n a ti kọ́ bí a ṣe ń ti eérú sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá.

A kò ní kí a ju ọ̀rọ̀ kádàrá nù, nítorí ó ń tu ọ̀fọ̀ nínú. Ahouna lè sọ ọ́ nípa ikú bàbá rẹ̀. Kò lè sọ ọ́ nípa obìnrin tí ó pa. Ẹnu ẹni tí ìyà jẹ ni ọ̀rọ̀ náà yẹ, kò yẹ ẹnu ẹni tí ó fi ìyà jẹni.