Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Òṣèré Gbé Ipa Rẹ̀ Sílẹ̀ Lójú Agbo?

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe eré orí ìtàgé. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹnì kan ń ṣe ọba nínú eré. Adé wà lórí rẹ̀, ìrùkẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dájọ́ lọ. Lójijì, nǹkan tí kò sí nínú eré ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé fìlà ìjòyè rẹ̀ já bọ́ tí ẹ̀rín sì fẹ́ pa á. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ń pariwo láàárín òǹwòran, tàbí pé ẹnì kan dákú níbẹ̀. Ṣé kí ọba yìí máa dájọ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò rí nǹkan kan ni, àbí kí ó ṣíwọ́ jíjẹ́ ọba, kí ó padà di Lágbájá tí gbogbo wa mọ̀, kí ó sì sọ̀rọ̀?

Lójú ẹni tí kò bá rò ó jinlẹ̀, ọ̀rọ̀ eré lásán ni èyí. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ kan gbogbo ọmọlúàbí: nígbà tí ènìyàn bá ti bá àwùjọ ṣe àdéhùn, kí ni ó lè mú kí ó tọ́ fún un láti dá àdéhùn náà dúró? Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

ÀDÉHÙN NI ERÉ

Àwọn kan a máa sọ pé irọ́ ni òṣèré ń pa, nítorí náà kò sí ohun tó burú nínú kí ó já irọ́ náà nígbà tó bá wù ú. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni kí n sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọ, kí n sì fẹ́ kí o gbà á gbọ́. Ẹni tó jókòó wòran mọ̀ pé idà ọwọ́ jagunjagun kì í ṣe idà tòótọ́, òṣèré náà sì mọ̀ pé ó mọ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ fohùn ṣọ̀kan pé fún wákàtí kan tàbí méjì, a ó ṣe bí ẹni pé báyìí ni ọ̀rọ̀ rí. Àlùkáwàní ni. Òǹwòran mú àsìkò àti owó rẹ̀ wá, ó dákẹ́, ó sì fi ọkàn sí i. Òṣèré ní tirẹ̀ ṣèlérí pé òun kò ní da ìtàn náà rú mọ́ ọn lójú.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé gbogbo ìgbà tí òṣèré bá ti bá èrò sọ̀rọ̀ ni ó ti yẹ àdéhùn. Nílẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, láti ìgbà àwọn alárìnjó títí dé ìgbà ẹgbẹ́ Hubert Ògúndé, ẹni tó gbé ayé láti 1916 sí 1990, orin ìbẹ̀rẹ̀ eré a máa kọjú sí òǹwòran gan-an. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ náà, Bàbá Sàlá tí ó kú ní 2018, kì í ṣe ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ tí a ti kọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ eléré wa ló máa ń fi làákàyè wá ọ̀rọ̀ lójú agbo. Bí òǹwòran bá pariwo, òṣèré a dá a lóhùn, eré a sì máa lọ. Ní Jámánì, Bertolt Brecht, ẹni tó gbé ayé láti 1898 sí 1956, mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ́ kí àwọn òṣèré rẹ̀ kọjú sí èrò, kí àwọn ènìyàn má baà gbàgbé pé eré ni wọ́n ń wò, kí wọ́n sì lè máa ro ohun tí eré náà ń wí. Èyí kì í ṣe yíyẹ àdéhùn, nítorí pé ó wà nínú àdéhùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ìṣòro wà ni ibi tí òṣèré ti gbé ipa rẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ pé eré náà ló ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

ÀWỌN TÓ NÍ KÍ ERÉ MÁA LỌ

Àwọn kan gbà pé ohunkóhun tí ìbáà ṣẹlẹ̀, òṣèré kò gbọdọ̀ gbé ipa rẹ̀ sílẹ̀. Wọn a sì máa tọ́ka sí Molière, ọ̀gá òǹkọ̀wé eré àti òṣèré ilẹ̀ Faransé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1673, nílùú Paris, ó ń ṣe eré tí òun fúnra rẹ̀ kọ, nípa ọkùnrin kan tí ara rẹ̀ le ṣùgbọ́n tó ń rò pé òun ń ṣàìsàn. Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé Molière tó ń ṣe bí aláìsàn yìí ń ṣàìsàn ní tòótọ́. Ìtàn sọ pé àwọn tó sún mọ́ ọn bẹ̀ ẹ́ kí ó sinmi lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ní àádọ́ta òṣìṣẹ́ ló ń retí owó oòjọ́ wọn, kí ni wọn yóò jẹ bí òun kò bá ṣeré? Nígbà tí eré ń parí lọ, gìrì mú un lórí ìtàgé. Ó fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀, ó sì ṣe eré náà parí. Wọ́n gbé e lọ sílé, ó sì kú lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní kan sáárá sí i? Kì í ṣe òkìkí ara rẹ̀ ló ń lé, oúnjẹ ẹlòmíràn ló ń rò. Síbẹ̀, a kò lè ṣe ká má béèrè pé àwọn òṣìṣẹ́ tó torí wọn ṣeré lọ́jọ́ náà, ta ni wọ́n tún máa gbójú lé lọ́jọ́ kejì? Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí. Ara Molière ni Molière fi jì. Ẹni tó bo ìrora ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí àwọn mìíràn lè jẹun yàtọ̀ pátápátá sí ẹni tó bo ewu tó ń bọ̀ wá bá àwọn mìíràn mọ́lẹ̀ kí eré má baà bàjẹ́.

NÍGBÀ TÍ Ẹ̀MÍ BÁ WỌ̀ Ọ́

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1984, Tommy Cooper, aláwàdà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣeré ní gbọ̀ngàn kan nílùú London, tẹlifíṣọ̀n sì ń gbé e jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹni ọdún 63 ni. Iṣẹ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ ni kí ó máa ṣe idán tí kò ní bọ́ sí i, kí àwọn ènìyàn sì máa rẹ́rìn-ín. Lójijì, ó rọ́ jókòó sílẹ̀ níwájú aṣọ ìkélé. Ọkàn rẹ̀ ló ń dá iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn òǹwòran bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ ni. Ó ń kú lọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé wọ́n níkà nínú. Àdéhùn ni wọ́n ń pa mọ́: a ti sọ fún wọn pé gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí ìtàgé, eré ni.

Ohun tó jọ èyí ni Søren Kierkegaard, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Denmark, pa lówe nínú ìwé kan tó tẹ̀ jáde ní 1843. Ó ní iná ṣẹ́ lẹ́yìn ìtàgé, aláwàdà sì jáde wá kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó tún un sọ, àtẹ́wọ́ tún pọ̀ sí i. Nítorí náà, bí òṣèré bá tilẹ̀ fẹ́ gbé ipa rẹ̀ sílẹ̀, aṣọ tó wọ̀ lè máà jẹ́ kí a gbà á gbọ́.

Ohun tí Kierkegaard fi pa òwe ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ nílùú Chicago ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1903. Gbọ̀ngàn eré tuntun ni Iroquois, kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n ṣí i, wọ́n sì polówó rẹ̀ pé iná kò lè jó o. Àkókò ìsinmi ilé ìwé ni, ìyá àti ọmọ ló pọ̀ jù nínú èrò tó ju 1,700 lọ. Iná láti ara àtùpà alágbára kan ràn mọ́ aṣọ tó so rọ̀ lókè ìtàgé. Aṣọ ìkélé tó yẹ kí ó dínà iná há sókè, kò sọ̀ kalẹ̀. Eddie Foy, aláwàdà inú eré náà, wà lẹ́yìn nínú aṣọ obìnrin tó fẹ́ fi pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ó fa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó sì jáde sí iwájú ìtàgé pẹ̀lú aṣọ obìnrin náà lọ́rùn. Ó bẹ àwọn èrò kí wọ́n fara balẹ̀, kí wọ́n má ṣe tẹ ara wọn pa. Ó ní kí àwọn onífèrè máa fun fèrè wọn lọ. Iná ń já bọ́ lé ìtàgé, ó ṣì dúró síbẹ̀.

Àwọn tó kú lọ́jọ́ náà ju 600 lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ni a tì pa tàbí tí a fi aṣọ bò. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò lè ṣí ilẹ̀kùn tí a tì. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ pé Foy yẹ àdéhùn? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí òǹwòran ni a ṣe dá àdéhùn eré sílẹ̀. Bí òǹwòran fúnra rẹ̀ bá wà nínú ewu, ẹni tó bá ṣì ń ṣe eré lọ ló yẹ àdéhùn, kì í ṣe ẹni tó dá a dúró.

ÌBÍNÚ ÀTI Ẹ̀RÍN

Èyí tó ṣòro ju ni ti ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ òǹwòran. Ní oṣù Kìíní ọdún 2009, nílùú New York, Patti LuPone dá orin tó ń kọ nínú eré dúró gbọnrangandan, ó sì pariwo pé kí wọ́n lé ẹni tó ń ya fọ́tò jáde. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́ fún un. Ní ọdún 2015, òṣèré kan náà tún rí obìnrin kan tó ń tẹ fóònù níwájú ìtàgé. Lọ́tẹ̀ yìí kò dá eré dúró. Bí ó ti ń jáde kúrò lójú agbo ló gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e fún alábòójútó ìtàgé.

Ìwà méjèèjì wá láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan náà, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni ó sì bá wí. Lójú tèmi, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ló sàn. Òótọ́ ni pé ẹni tó ń ya fọ́tò ló kọ́kọ́ yẹ àdéhùn, òótọ́ sì ni pé àwọn tó jókòó jẹ́ẹ́ ní ẹ̀tọ́ kí a gbèjà wọn. Ṣùgbọ́n bí òṣèré bá dá eré dúró nítorí ẹnì kan, gbogbo àwọn tí kò ṣẹ̀ ló fi jìyà. Àwọn tó ń bójú tó ìjókòó wà níbẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àfi bí apá wọn kò bá ká a mọ́ ni kí òṣèré tó dá sí i.

Ní ti ẹ̀rín ńkọ́? Nínú ètò Carol Burnett lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, láti 1967 sí 1978, Tim Conway a máa mọ̀ọ́mọ̀ pa Harvey Korman lẹ́rìn-ín títí Korman kò fi ní lè sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Inú àwọn òǹwòran a máa dùn sí i gan-an. N kò rí ẹ̀bi púpọ̀ nínú èyí, nítorí pé ètò ẹ̀fẹ̀ ni, wọ́n sì wá rẹ́rìn-ín náà ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìyá tó pàdánù ọmọ rẹ̀ ni a ń ṣe lórí ìtàgé, tí ẹni tó ń ṣe òkú wá bú sẹ́rìn-ín, ó ti gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó jókòó níwájú tí omi ń dà lójú rẹ̀. Bóyá ẹni náà ti sin ọmọ rí.

ÒṢÙWỌ̀N TÓ YẸ KÍ A DÌ MÚ

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí òṣèré bi ara rẹ̀: nítorí ta ni mo fi fẹ́ gbé ipa yìí sílẹ̀? Bí ó bá jẹ́ nítorí ẹ̀mí tàbí ìlera ènìyàn, ìbáà jẹ́ ti òǹwòran, ìbáà jẹ́ ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó má ṣe jáfara. Bí ó bá jẹ́ nítorí ẹ̀rín ara rẹ̀, tàbí kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè rí i, tàbí nítorí pé inú bí i, kí ó ní sùúrù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣeré nílé ìwé àti nínú ẹgbẹ́, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ ewu kí ẹ tó rò ó. Ẹ jọ fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ ọ́ lórí ìtàgé, gbogbo yín á mọ̀ pé kì í ṣe eré mọ́. Ẹ yan ẹnì kan tí kò kópa, tó ní àṣẹ láti dá eré dúró, nítorí pé ẹni tó wà nínú eré lè máà tètè rí i. Bí ẹ bá ní láti sọ̀rọ̀, ẹ ṣí ìbòjú, ẹ fi ohùn ara yín sọ ọ́ láìfi ẹ̀fẹ̀ kún un. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ rí i pé ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn wà ní ṣíṣí kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kí òṣèré sunkún tí eré rẹ̀ ní kí ó sun, kí ó sun ún dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ojú rẹ̀ wà lára àwọn tó wá wò ó.