Olùdámọ̀ràn Ọ̀fẹ́: Ta Ni Ń San Owó Rẹ̀?

Àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù ń béèrè lọ́wọ́ wa bóyá ó dára láti tẹ̀lé olùdámọ̀ràn tó ń báni wá owó ìralé ní bánkì, tí kì í sì í gba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin ará, ọ̀fẹ́ náà ní ẹni tó ń san án. Bánkì tó rí oníbàárà ni í fún un ní kọmíṣọ̀n. Lórí £200,000, ó sábà máa ń tó £700 tàbí £800. Àwọn mìíràn ń gba ti bánkì, wọ́n tún ń gba ti oníbàárà. Àwa kò pe èyí ní olè. Alágbàtà ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀, òfin Bírítéènì sì ní kí ó sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àmánà ni ìmọ̀ràn, ìkọ̀kọ̀ ni a kò fẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kò sọ ríbà di hàláàlì. Ètò kan wà tí òfin ibẹ̀ ti ń bójú tó láti 2007: bánkì yóò bá ènìyàn ra ilé, onítọ̀hún yóò sì máa san owó háyà lórí ìpín bánkì. Ǹjẹ́ olùdámọ̀ràn yóò dárúkọ bánkì tí kò fún un ní nǹkan? Ẹ bi í: ta ló ń sanwó fún yín, èló ni, bánkì mélòó lẹ yẹ̀ wò? Bí ó bá fajú ro, ẹ dìde, ẹ wá ẹlòmíràn lọ.