Bí A Ṣe Béèrè Ìtàn Lọ́wọ́ Kossola

Bí ọmọdé bá fẹ́ gbọ́ ìtàn lẹ́nu àgbà nílẹ̀ wa, ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀ ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Yóò kí wọn, yóò béèrè ara, yóò béèrè ilé, kó tó kan ohun tó bá wá. Ẹni tó bá já lu ọ̀rọ̀ láìkí ẹnikẹ́ni, wọn á ní a kò kọ́ ọ nílé. Bí ẹni tí a fẹ́ bi bá wá jẹ́ ẹni tí àjálù ti bá jà, ìwà ọmọlúàbí tí ó yẹ ká bá lọ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo fẹ́ fi wo àwọn tó kọ ìtàn àwọn èèyàn tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ ojú omi Clotilda nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà kò gùn. Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó ẹrú wọ̀lú mọ́. Síbẹ̀, Timothy Meaher, olówó kan ní Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ta tẹ́tẹ́ pé òun yóò kó wọn wọlé. Ní 1860, ó fi Clotilda rán ọ̀gákọ̀ William Foster lọ sí Ouidah ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí ìjọba Dahomey ti ń ta àwọn tí ọmọ ogun rẹ̀ kó lẹ́rú. Èèyàn 110 ni Foster kó sọdá. Nígbà tí wọ́n dé Mobile, wọ́n dáná sun ọkọ̀ kí ẹ̀rí má baà sí. Kò sí ẹni tó fẹ̀wọ̀n jura nítorí ẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira ní 1865, àwọn tí wọ́n kó wá yìí da owó jọ, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n tẹ Africatown dó.

Kossola wà lára wọn, ọmọ agbègbè Bantè ní ilẹ̀ Benin òní. Cudjo Lewis ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ní 1927, Zora Neale Hurston, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń kọ́ iṣẹ́ ìwádìí àṣà, wá bá a. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe kò dára. Àpilẹ̀kọ tó gbé jáde lọ́dún náà, inú ìwé tí Emma Langdon Roche tẹ̀ ní 1914 ló ti da ọ̀pọ̀ rẹ̀ kọ, kò sì jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀. Ó di 1972 kí àṣírí tó tú. Olè ni, n kò ní pè é ní nǹkan mìíràn: àgbà wà láàyè níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló fi bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àmọ́ ó padà lọ, kò sì kánjú lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé èso píìṣì lọ, ó gbé bàrà lọ, ó gbé oògùn ẹ̀fọn lọ. Ó bá a tún ṣọ́ọ̀ṣì tó ń tọ́jú ṣe. Lọ́jọ́ tí bàbá bá ní òun kò fẹ́ sọ̀rọ̀, á yí padà, á tún wá lọ́jọ́ mìíràn. Kossola ló pè é, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò pè é mọ́ níbẹ̀, omijé ayọ̀ sì wá sójú bàbá.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni àwọn tó ń wá a kiri fẹ́ gbọ́. Kossola ní tirẹ̀, orí bàbá bàbá rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Hurston fẹ́ kó sọ ti ara rẹ̀, bàbá kò gbà. Ó ní a kì í sọ̀rọ̀ ọmọ kí a tó sọ ti baba. (Kì í ṣe Alabama ló ti kọ́ ìyẹn.) Hurston jókòó gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé ibi tó dun bàbá jù: ọmọ mẹ́fà ló bí, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló pàdánù. Agbófinró kan yìnbọn pa ọ̀kan, ọkọ̀ ojú irin pa òmíràn. Ìyàwó rẹ̀ kú ní 1908, kò pẹ́ ni ọmọ kan ṣoṣo tó kù tẹ̀lé e. Nígbà tí Hurston fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, bàbá wọ kóòtù, ó bọ́ bàtà, ó ní láàárín ibojì àwọn èèyàn òun ni kó ti ya òun. Bó ṣe fẹ́ ló ṣe é. Lọ́dọ̀ tiwa lónìí, bí ìkún omi bá wó ilé, kí omi tó fà, fóònù ti wà níwájú ẹni tó ń sunkún òkú rẹ̀, a ò sì bi í bóyá ó gbà.

Hurston sọ ohun tó gbọ́ di ìwé, àmọ́ ní 1931, ilé ìtẹ̀wé Viking ní kó tún ọ̀rọ̀ bàbá kọ ní Gẹ̀ẹ́sì tó dán. Hurston kọ̀. Ìwé náà, Barracoon, kò jáde títí di 2018. Kossola ti kú láti 1935, Hurston náà láti 1960. Ẹlòmíràn lè ní agídí ló fi pàdánù. Lójú tèmi, ó jàre. Ẹni tó ti fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn bo ohùn bàbá yìí lẹ́ẹ̀kan kò gbọ́dọ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì nítorí owó.

Matilda McCrear kò rí irú olùgbọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ nǹkan bí ọdún méjì ni nígbà tí wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀ wọ Clotilda, ilà sì wà lójú rẹ̀. Ní 1931, nígbà tó ti lé ní 70 ọdún, ó fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi máìlì 15 lọ sí kóòtù Selma, ó ní kí wọ́n san gbà-máà-bínú fún òun. Wọ́n ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Akọ̀ròyìn kan gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó gbé e sínú ìwé ìròyìn ìlú, ó parí síbẹ̀. Ó kú ní 1940. Ní 2020 ni Hannah Durkin, olùkọ́ yunifásítì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tú ìwé ìròyìn náà wò pẹ̀lú àkọsílẹ̀ mìíràn, tó sì fi hàn pé Matilda ló gbẹ̀yìn nínú àwọn ará ọkọ̀ náà tí a mọ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kan ṣì wà láyé nígbà náà, ó ti lé ní 80 ọdún.  Ọ̀rọ̀ pé ìyá àgbà rẹ̀ wà nínú Clotilda kò tíì dé etí rẹ̀ rí. Alabama kan náà ni ìwé ìròyìn yẹn ti jáde, níbi tí ọmọ ọmọ náà dàgbà sí, kò sì sẹ́ni tó gbé e kan ilẹ̀kùn wọn.