Ta Ni Ó Ń Wo Inú Ẹ́ńjìnnì?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan a máa tún ọkọ̀ Mini àtijọ́ tò láti fi sáré ìje. Ọkọ̀ kékeré yìí jáde ní 1959. Ó borí ní Monte Carlo ní 1964. Òfin ìje a máa fi gbèdéke sí ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò kì í sábà tú u. Ẹni tí ó tò ó ni ó mọ inú rẹ̀. Bí ó bá rẹ́ni jẹ ńkọ́, ṣebí eré lásán ni? Rárá o! Ànábì wa (SAW) fi àyè gba eré ẹṣin, ṣùgbọ́n ó kọ ìrẹ́jẹ. Ife-ẹ̀yẹ tí a fi màgòmágó gbà, ẹrù olè ni. Ohun tí olùyẹ̀wò kò rí, Ọlọ́hun rí i. Kí Ó fi wá mọ̀nà. Àmín.