Ahọ́n Ni, Àbí Owó?

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí a bá ń mu ọtí wáìnì, ṣé ahọ́n ló ń tọ́ ọ wò ni, àbí owó tí wọ́n fi rà á?

Ní Kalifóníà, àbúrò mi obìnrin gbé wáìnì funfun àti pupa, ti Amẹ́ríkà níbẹ̀, síwájú mi lálẹ́. Mo rí i pé olówó pọ́ọ́kú ni. Mo kàn fẹnu kàn án, mo gbé ife sílẹ̀. Ojú tì í níwájú ọkọ rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó fi bébà wé ìgò méjèèjì. Mo fi funfun jẹ ẹja, mo fi pupa jẹ ẹran, mo yìn wọ́n títí. Àṣé ti àná náà ni! Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, owó lẹ tọ́ wò lánàá o."

Ní 1976, àwọn ògbógi Faransé tọ́ wáìnì wò ní Paris láìrí orúkọ rẹ̀. Ti Kalifóníà ló gbégbá orókè, àti funfun àti pupa.

Kò burú kéèyàn mọ iye ọjà. Ṣùgbọ́n ta ló ní ká fi iye ọjà díwọ̀n ẹni tó gbà wá lálejò? Mo bẹ àbúrò mi. Ẹ̀yin ńkọ́?