Ọjà Ọ̀yìngbò àti Orúkọ Tí À Ń Pè Nínú Àdúrà

Àwọn àgbà ní ọjà Ọ̀yìngbò ò mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Àwa tí à ń gba ibẹ̀ kọjá mọ̀ pé òótọ́ ni. Ẹ dé ibẹ̀ láàárọ̀ Sátidé kẹ́ ẹ wò ó. Aláta ń pe oníbàárà, alábàárù ń pariwo "Ẹ yà fún mi o!", reluwé Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lóṣù kẹwàá ọdún 2024 ń já àwọn tó ti Agbádó bọ̀ sílẹ̀. Bí ìyá tó ti ń tẹ̀fọ́ níbẹ̀ láti ogún ọdún ò bá lè dìde lórí ibùsùn lónìí, ọjà á ṣì ná. Kó tó dọ̀sán, ẹlòmíì á ti tẹ́ àpò sí àyè wọn.

Níbo wá ni wọ́n ti ń mọ̀ pé ẹnì kan ò wá? Lójú tiwa, ibi àdúrà ni.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó dàgbà ní Èbúté-Mẹ́ta, Ọ̀yìngbò àti Yábàá ló mọ àdúrà aago márùn-ún ìdájí. Oorun ṣì wà lójú wa, a jókòó sórí ẹní, à ń mi orí bí alángbá. Àwọn òbí wa á kọrin, wọ́n á ka Bíbélì, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wà níléèwé, ẹni tó ń wáṣẹ́, ẹni tó bínú kúrò nílé tí kì í pe ilé mọ́. Wọn kì í fo ẹnikẹ́ni. Nígbà yẹn, ohun tí à ń rò ò ju pé àdúrà yìí mà gùn o!

Màmá kan wà nínú ilé tí a gbé dàgbà. Ọmọ wọn ọkùnrin kan ti bínú lọ. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn àmín, wọ́n wé gèlè, wọ́n wọ dánfó lọ sí Muṣin, níbi tí wọ́n gbọ́ pé ó wà. Wọn ò bá a. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n tún lọ. Nígbà tó yá, ọmọ náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wálé. Ó ní àwọn ará àdúgbò ló ń sọ fún òun ṣáá pé, "Ìyá ẹ tún wá o." Ṣé àdúrà ló mú un wálé ni, àbí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀? Àwa ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ń pe orúkọ ọmọ níwájú Ọlọ́run láràárọ̀ ò lè jókòó sílé bí ẹni tí ò mọ̀ pé ọmọ náà ò sí nílé.

Ṣùgbọ́n tó bá kan orílẹ̀-èdè, àdúrà wa á yí padà. A á ní kí Ọlọ́run bá wa tún Nàìjíríà ṣe, a á ṣe àmín tó ń mi òrùlé, a á sì gbalé lọ. Orúkọ ẹnì kan ò sí nínú rẹ̀. Àdúrà náà ti di ọjà Ọ̀yìngbò.

Ní ọjọ́ 18, oṣù kẹta, ọdún 2023, wọ́n dìbò gómìnà l'Ékòó. Sátidé ni. Láwọn ibùdó ìdìbò kan, wọ́n lé àwọn èèyàn padà nítorí pé ojú wọn tàbí orúkọ wọn jọ ti Igbo. Nígbà tílẹ̀ mọ́, a wọ aṣọ ìyílé wa lọ ṣọ́ọ̀ṣì, a gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú. Mélòó nínú wa ló dárúkọ aládùúgbò tí wọ́n lé? Bóyá ẹ̀rù ló bà wá. Tá a bá dárúkọ rẹ̀, a máa ní láti kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn kan nínú yín fẹ́ sọ: "A ti ń gbàdúrà látọjọ́ yìí, kí ló yí padà? Ọjà wọ́n, iná ò sí, àwọn ọ̀rẹ́ wa ti jápa." Ìbéèrè gidi ni. Bíbélì fúnra rẹ̀ ò sá fún un. Nínú lẹ́tà Jákọ́bù, orí kejì, ó bi wá pé àǹfààní kí ló wà níbẹ̀ tá a bá ní kí ẹni tébi ń pa máa lọ ní àlàáfíà láìfún un lóúnjẹ. Jeremáyà náà kọ̀wé sáwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì, ní orí 29, pé kí wọ́n gbàdúrà fún ìlú náà, torí inú àlàáfíà rẹ̀ ni tiwọn wà. Ìlú tó kó wọn lẹ́rú o! Lẹ́tà kan náà ló ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n sì gbin ọgbà. Àdúrà àti iṣẹ́ ò gba ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá.

Lọ́dún 1952, Josiah Akindayomi àtàwọn èèyàn díẹ̀ ń ṣe ìpàdé àdúrà ní Willoughby Street, Èbúté-Mẹ́ta, tí ò jìnnà sí Ọ̀yìngbò. Ibẹ̀ ni ìjọ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Redeemed ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí, èrò wọn ò lóǹkà. Níbi tí èèyàn ò bá pọ̀, tẹ́nì kan ò bá wá, wọ́n á béèrè rẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni kò yẹ kí èrò gbà lọ́wọ́ àwa Kristẹni, bó ti wù ká pọ̀ tó.

Torí náà, lálẹ́ òní, ẹ jẹ́ ká pe orúkọ mẹ́ta. Ẹnì kan nínú ẹbí tá ò bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹnì kan ládùúgbò tí èdè tàbí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Àti káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa. Tá ò bá mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí àdúrà rán wa nìyẹn.

Ọjà Ọ̀yìngbò ò ní mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Kí àwa mọ̀.