Ta Ló Ni Ìdákẹ́jẹ́ Inú Ilé Ìkàwé?

Bí fóònù bá dún láàárín ọjà Ẹ̀sà-Òkè, kò sí ẹni tí yóò yíjú wò ó. Bí ó bá dún nínú ilé ìkàwé, gbogbo orí ni yóò gbé sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Fóònù kan náà ni, ariwo kan náà ni. Kí ló wá dé tí ó fi jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ níbì kan, tí kò sì jẹ́ nǹkan kan níbòmíràn? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé òfin ló kà á léèwọ̀, wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí a bá ní ẹnì kan ṣẹ̀, ó yẹ kí á lè tọ́ka sí ẹni tí ó ṣẹ̀ àti ohun tí ó gbà lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Kí ó tó di oṣù kẹjọ ọdún 2001 tí fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, gbogbo ìlà tẹlifóònù tó wà káàkiri orílẹ̀-èdè yìí kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ. Nígbà tí GSM kọ́kọ́ dé, náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ọ̀rọ̀ kì í gùn lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 2003 ni Glo dé, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ẹnu wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ọ̀wọ́n ìpè ti ń bá ilé ìkàwé ṣọ́nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Nígbà tí ìpè di pọ́ọ́kú, olùṣọ́ náà bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìdákẹ́jẹ́ ilé ìkàwé kì í tilẹ̀ ṣe tiwa, pé òyìnbó ló gbé e wá. Ọ̀rọ̀ wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní ilé kéú, ohùn rara ni àwọn ọmọ fi ń ka wàláà. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a jọ máa ń ké ABD ni títí ará àdúgbò yóò fi mọ̀ ọ́n sórí. Kódà, ó ní ìgbà kan tí kíkàwé láìfọhùn jẹ́ ohun ìyanu ní ilẹ̀ Yúróòpù pàápàá. Ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn, Augustine, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí à ń pè ní Algeria lónìí, kọ ọ́ sílẹ̀ bí òun ṣe rí Bíṣọ́ọ̀bù Ambrose ní ìlú Milan tí ó ń fi ojú nìkan kàwé, tí ohùn rẹ̀ kò sì jáde. Ó ń wá ìdí tí ọkùnrin náà fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀ wo ariwo méjèèjì. Ariwo ilé kéú, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń fi ṣe. Bí ẹnì kan bá gbàgbé, ohùn ẹnì kejì yóò rán an létí. Ariwo ẹni tó ń dáhùn fóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni, àwa ni kò sì fún láàyè láti má gbọ́ ọ. Èyí tó tún burú ni pé ìlàjì ọ̀rọ̀ là ń gbọ́. A gbọ́ "Èèló ló ní ó kù?", a kò gbọ́ èsì. Ojú wà lára ìwé, etí ti bá owó lọ.

Bí ó bá sì jẹ́ àṣà wa là ń wá, mo rò pé a ní èyí tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ẹni tó bá ti tẹ̀lé òbí rẹ̀ lọ sí oko yóò mọ ààlè. Ẹnì kan ṣẹ́ igi ìdáná, kò lè ru gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó kó ìyókù jọ sẹ́bàá ọ̀nà, ó so àkísà mọ́ ọn, tàbí ṣúkù àgbàdo, tàbí àlòkù ìgbálẹ̀. Ó lọ sílé. Kò sí ọlọ́dẹ níbẹ̀, kò sí kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó ń kọjá rí àkísà, ó mọ̀ pé igi náà ní olówó, bí òun kò tilẹ̀ rí i. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìkàwé pé kí á dákẹ́, ààlè ni lójú tèmi. Ìdákẹ́jẹ́ tó wà níbẹ̀ ní ẹni tó ni ín.

Ta ni? Kì í ṣe ìjọba, kì í sì í ṣe alábòójútó ilé ìkàwé. Láti ọdún 1992 ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti wà ní Ẹ̀sà-Òkè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá gba yàrá láàárín ìlú. Ẹni tó bá ti gbé irú yàrá bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló wà nínú yàrá kan. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé, ẹ̀rọ ìlọta ń dáhùn níwájú, bí ó bá sì di alẹ́, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìsọjí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ olówó ní yàrá tirẹ̀, ó lè ti ìlẹ̀kùn. Ọmọ tálákà kò ní irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, àfi ti ilé ìkàwé. Ẹni tó bá ń pariwo níbẹ̀, inú yàrá ọmọ yẹn ló wọ̀ láìkan ilẹ̀kùn.

Wọ́n mọ ìlú wa nítorí ọmọ rẹ̀ kan, Olóyè Bọ́lá Ìgè, ẹni tí wọ́n ń pè ní Cicero Ẹ̀sà-Òkè nítorí bí ó ṣe mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn ènìyàn máa ń rántí ẹnu rẹ̀ ju ìwé tó kà lọ. Àmọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè àti ìwé àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́ ni ó kọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn kí ó tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó sì jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, láti 1979 sí 1983, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà lára ohun tí ìjọba rẹ̀ dì mú ṣinṣin. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lè fún ọmọ ní olùkọ́ àti àga. Kò lè mú kí ilé wọn dákẹ́.

Ṣé kí á wá gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà? Lọ́dún 2018, ilẹ̀ Faransé ṣe òfin tó ka lílo fóònù léèwọ̀ fún àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́. Ọmọdé nìyẹn, ilé ẹ̀kọ́ sì nìyẹn. Nínú ilé ìkàwé tiwa, fóònù ni tọ́ọ̀ṣì nígbà tí Nẹ́pà bá mú iná lọ. Òun ni ìwé atúmọ̀ èdè. Òun ni a fi ń ya àwòrán ojú ìwé tí a kò ní owó láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló sì jẹ́ pé inú rẹ̀ ni gbogbo ìwé tí wọ́n ní wà. Bí a bá gbà á lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ tálákà tí a ní à ń gbèjà náà ni a jà lólè. Mo ti rí ilé ìkàwé kan tí wọ́n ti ń gba fóònù bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́ lóòótọ́, àmọ́ àga tó ṣófo ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ohùn ni kí òfin dojú kọ, kí ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀.

Ibi tó ti le fún ọmọ Yorùbá ni ìpè òbí. Ìyá ẹni ń pè láti oko, a ó ha jẹ́ kí ó máa dún lásán bí? Àrífín ni lójú ọ̀pọ̀ wa. Mo gbà pé ó yẹ kí á dá ìyá lóhùn. N kò gbà pé orí àga ìkàwé ló ti yẹ kí á dá a lóhùn. Kí fóònù máa gbọ̀n nínú àpò, kí ọmọ dìde, kí ó jáde, kí ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì, ilé ìkàwé ni mo wà." N kò tíì rí ìyá tó ta iṣu san owó ilé ẹ̀kọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ nínú. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ àìsàn ni, bí ìgbésẹ̀ ogún ni ẹnu ọ̀nà sí ibi tí a jókòó.

Kí n sọ òótọ́, àwọn ọmọdé kọ́ ni wọ́n ń da ilé ìkàwé rú jù. Àwọn àgbàlagbà ni, olùkọ́ àti ọ̀gá, tí wọ́n ń dáhùn fóònù láàárín wa bí ẹni pé ààlè kò kàn wọ́n. Ọmọ wo ni yóò sọ fún wọn pé kí wọ́n dákẹ́? Síbẹ̀ ààlè kì í béèrè ọjọ́ orí. Mo mọ alábòójútó kan tó ti rí ọgbọ́n rẹ̀. Bí àgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí fóònù, yóò rìn lọ bá a, yóò kúnlẹ̀, yóò sì rọra sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára jù níta." Kò tíì sí èyí tí kò jáde nínú wọn.